Joseph Bramah, Ẹni tí ó Gbé Àgádágodo Rẹ̀ sí Ojú Fèrèsé

Ó ti di àṣà nínú ìwé wa yìí láti máa sọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ènìyàn ńlá tí wọ́n ti kọjá lọ, kí àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ lè rí ohun tí a ó fi tọ́ ara wa àti àwọn ọmọ tí a ó fi lé wa lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọba àti àwọn balógun, tàbí ti àwọn oníwàásù. Ní ìgbà yìí, ìtàn káfíńtà kan ni a mú wá, ọmọ àgbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dá ṣáká, ẹni tí ó ṣe àgádágodo kan tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣí láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 60 ọdún. Joseph Bramah ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ni.

Kí a tó wọ inú ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ó gbé wa dé ìdí rẹ̀. Ní ìsinmi tí ó kọjá, a pinnu láti ṣe ohun èlò ìkọ́ni kan ní ilé, èyí tí a ó lè gbé wá sí iwájú àwọn ọmọ nígbà tí a bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. A ní àgádágodo àtijọ́ kan tí a ti yọ kúrò lára ilẹ̀kùn, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sọnù. Ohun tí a fẹ́ ni láti gé apá kan kúrò nínú ìbòrí rẹ̀, kí ojú lè rí gbogbo ohun tí ń lọ nínú rẹ̀ nígbà tí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Ayùn irin kan, fáìlì méjì, ìlu kan tí a ń fi ọwọ́ yí, àti òòlù ni gbogbo irinṣẹ́ wa. A kò ní fáìsì, nítorí náà pákó méjì ni a fi há ìbòrí náà láàárín, tí a sì fi okùn dì wọ́n pinpin mọ́ àga.

A fi ẹfun ya ojú fèrèsé kékeré kan sára ìbòrí náà. A lu ihò wẹ́wẹ́ tẹ̀lé ìlà ẹfun náà, a fi ayùn gé e láti ihò kan dé èkejì, lẹ́yìn náà ni a fi fáìlì pa etí rẹ̀ títí kò fi gé ni lọ́wọ́ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà wá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní, bí a ti ń tú ìbòrí náà kúrò, sípíríǹgì kan fò jáde bí ẹlẹ́ǹgà, ó sì lọ bọ́ sáàárín iṣu tí ìyá wa tò sí igun ilé. Wákàtí kan gbáko ni a fi wá a. Ibi tí a ti ń tú iṣu ká ni ìyá wa bá wa. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí a ń ṣe, inú wọn kò dùn sí i rárá. Wọ́n bi wá léèrè bóyá iṣẹ́ olè ni a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa tí a fi ń yọjú wo inú àgádágodo, àti bóyá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

A kò rí èsì fọ̀ ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa, nítorí pé ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ẹni tí ó bá fi inú àgádágodo han gbogbo ayé, ta ni ó ràn lọ́wọ́, onílé ni tàbí olè? Nígbà tí a padà sí ìdí ìwé wa, a rí i pé Joseph Bramah ti fi ìgbésí ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́tipẹ́. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1748 ni a bí Bramah ní Stainborough, abúlé kan nítòsí ìlú Barnsley ní ilẹ̀ Yorkshire, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ni ọmọ náà lọ, ìwé tí ó kà kò sì pọ̀. Iṣẹ́ oko ni a ti yàn sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Bí àyè bá ti yọ lẹ́yìn iṣẹ́ oko, a máa gbẹ́ igi. Àní, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ fayolíìnì, ohun èlò orin olókùn tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn.

Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 16, ó fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣèṣe. Ẹsẹ̀ náà kò padà bọ̀ sípò dáadáa, ó sì hàn gbangba pé kò ní lè máa tẹ̀lé ohun ìtúlẹ̀ káàkiri oko mọ́. Bí a bá fi ojú ènìyàn wò ó, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọmọ àgbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n a mú un lọ sọ́dọ̀ Thomas Allott, káfíńtà abúlé náà, láti kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń wọn nǹkan kí a tó gé e, bí a ti ń mú igi tọ́, àti bí a ti ń so igi mọ́ igi tí ojú kò fi ní rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Àwa tí a máa ń ráhùn nígbà tí a bá pè wá sí kíláàsì iṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí pé láti inú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí ṣe lẹ́yìn náà ti jáde wá.

Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó gbọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù. Ẹsẹ̀ ni ó fi rìn ín, ìrìn tí ó lé ní 150 máìlì, òun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà nínú ilé àwọn ọlọ́rọ̀. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí a máa ń pè é sí ni láti gbé ilé ìyàgbẹ́ olómi kalẹ̀, irú èyí tí ẹnì kan tí ń jẹ́ Alexander Cumming ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní ọdún 1775. Ìwé ẹ̀tọ́ yìí ni ìjọba máa ń fún ẹni tí ó bá ronú kan ohun tuntun, kí ẹlòmíràn má bàa ṣe irú rẹ̀ tà fún iye ọdún kan. Bramah ṣe àkíyèsí pé nígbà òtútù, omi a máa di yìnyín nínú ẹ̀rọ náà, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn mìíràn ti rí àbùkù yìí, wọ́n sì fara mọ́ ọn. Bramah kò fara mọ́ ọn. Ó yí ọmọrí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà padà sí irú tí ń ṣí tí ó sì ń dé lórí ìdè bí ilẹ̀kùn, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ní ọdún 1778. Láti ìgbà náà lọ, ó kúrò ní ẹni tí ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, ó di ọ̀gá oníṣẹ́.

Láti ìdí iṣẹ́ yìí ni ó ti yí ojú rẹ̀ sí ọ̀ràn àgádágodo. Ní ìgbà ayé rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù kò tíì ní ẹgbẹ́ ọlọ́pàá bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ọdún 1829 ni a tó dá a sílẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ òru, ohun tí ó dúró láàárín olè àti ẹrù onílé kò ju ilẹ̀kùn àti àgádágodo lọ. Àgádágodo tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò jẹ́ ohun ẹ̀tàn. Àwọn odi irin kéékèèké ni a mọ sínú rẹ̀ láti dí ọ̀nà kọ́kọ́rọ́ àjèjì. Kọ́kọ́rọ́ tí ó tọ́ ní ojú gígé tí ó fi ń yẹra fún àwọn odi náà. Ṣùgbọ́n bí olè bá fi ìda kun irin lásán, tí ó tì í bọ ihò kọ́kọ́rọ́, tí ó sì yí i, àwọn odi náà yóò fi àmì ara wọn sílẹ̀ lórí ìda náà, olè yóò sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun gé. Bẹ́ẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a tẹ̀ ní orí lè yí gbogbo odi náà po. Onílé gbà pé àgádágodo òun le nítorí pé kò rí inú rẹ̀ rí. Olè ní tirẹ̀ ti rí i.

Ní ọdún 1778 kan náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Robert Barron ti ṣe àgádágodo tí ó sàn ju èyí lọ. Nínú rẹ̀ ni àwọn irin pẹlẹbẹ wà tí kọ́kọ́rọ́ ní láti gbé sókè dé ìwọ̀n kan pàtó. Bí ó bá gbé wọn kéré jù, ahọ́n àgádágodo kò ní kúrò lójú kan. Bí ó bá sì gbé wọn ga jù, kò ní kúrò lójú kan pẹ̀lú. Irú èyí ni àgádágodo tí àwa gé ojú rẹ̀ ní ilé. Bramah yìn ín, ṣùgbọ́n ó wò ó fínnífínní, ó sì rí i pé ẹni tí ó ní sùúrù tí ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ ṣì lè fi ọgbọ́n wá ìwọ̀n àwọn irin náà rí.

Ní ọdún 1784, Bramah gba ìwé ẹ̀tọ́ fún àgádágodo tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò fẹjú ní etí bí ti àtijọ́. Ọ̀pá kékeré oníhò ni, a sì gé ojú tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu rẹ̀ yíká, èyí tí ó jìn àti èyí tí kò jìn. Nínú àgádágodo náà ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ dúró yíká bí igi ọgbà, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n síta. Ara irin kọ̀ọ̀kan ní ojú gígé kan. Bí a bá ti kọ́kọ́rọ́ náà wọlé, yóò ti irin kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ó fi ti ọ̀kan kì í ṣe ìwọ̀n tí ó fi ti èkejì. Nígbà tí ojú gígé gbogbo wọn bá bọ́ sórí ìlà kan náà, nígbà náà nìkan ni àárín àgádágodo yóò yí. Ẹ jẹ́ kí a fi í wé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n tò sí ojúlé, tí a sì pàṣẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láti rìn sẹ́yìn ní iye ẹsẹ̀ tirẹ̀: ọ̀kan ẹsẹ̀ méjì, òmíràn ẹsẹ̀ márùn-ún, òmíràn ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí ọmọ kan ṣoṣo bá fi ẹsẹ̀ kan ṣì í, ọ̀nà kò ní là.

Ní ibi yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀. Bramah kò fi bí àgádágodo rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pamọ́. Ó kọ ìwé kan lórí bí a ti ń ṣe àgádágodo, ó sì ṣàlàyé nínú rẹ̀ gbangba, àbùkù àwọn ti àtijọ́ àti ọgbọ́n tí ó wà nínú tirẹ̀. Bí olè bá ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò mọ̀ pé àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, yóò mọ̀ pé ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìwọ̀n ti ilé tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àṣírí náà ti kúrò nínú àgádágodo, ó ti bọ́ sínú kọ́kọ́rọ́, àpò onílé sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ìṣòro kan ni ó kù. Àgádágodo yìí ṣòro láti ṣe. Bí irin kan bá fi ìwọ̀n irun orí kéré sí bí ó ti yẹ, ohun gbogbo bàjẹ́. Ọwọ́ àti fáìlì nìkan ni àwọn oníṣẹ́ fi ń ṣe é, nítorí náà ó ń pẹ́, ó sì wọ́n. Ní ọdún 1789, a mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ Bramah, ọmọ ọdún 18, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ti ìjọba ní Woolwich. Henry Maudslay ni orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá tó tirẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà, Bramah sì fi í ṣe olórí àwọn oníṣẹ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé. Àwọn méjèèjì jọ ronú, wọ́n sì ṣe àwọn ẹ̀rọ tí ń gé apá àgádágodo kọ̀ọ̀kan bákan náà láìyẹsẹ̀. Títí di òní ni àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀rọ ń ka ilé iṣẹ́ yìí kún ọ̀kan nínú ibi tí ṣíṣe ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọwọ́ Maudslay ni ó ṣe àgádágodo olókìkí náà, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ 18 wà nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1790, Bramah gbé e sí ojú fèrèsé ilé ìtajà rẹ̀ ní òpópó Piccadilly, níbi tí tọlọ́rọ̀ ti tálákà ń gbà kọjá. Ó kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé ẹni tí ó bá lè ṣe ohun èlò tí yóò ṣí i yóò gba 200 gínì, èyí tí í ṣe 210 pọ́n-ùn. Kí a lè mọ bí owó náà ti tó, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: 30 ṣílè ni Maudslay fúnra rẹ̀, olórí oníṣẹ́, ń gbà ní ọ̀sẹ̀. Yóò ṣiṣẹ́ fún 140 ọ̀sẹ̀ kí ó tó rí 210 pọ́n-ùn, èyí sì ju ọdún méjì àti ààbọ̀ lọ. Àwọn ènìyàn ń wò ó, wọ́n ń kọjá. Ní ọdún 1817, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan fi ọ̀sẹ̀ kan gbìyànjú rẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ kọ ìtàn ènìyàn kí a sì fi ibi tí ó kù sí pamọ́, pàápàá ìtàn ẹni tí kò fẹ́ ìpamọ́. Ní ọdún 1797, Maudslay, ẹni tí ó ti gbéyàwó tí ó sì ti bímọ, bẹ Bramah pé kí ó fi díẹ̀ kún 30 ṣílè náà. Bramah kọ̀. Maudslay kó ẹrù rẹ̀, ó lọ dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn àgbà oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní gbogbo ayé. Àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣe fún ibùdó ọkọ̀ ogun ojú omi ní Portsmouth mú òkìkí rẹ̀ kàn jìnnà. Bramah, tí ó mọ bí a ti ń fi irin há nǹkan mọ́lé, kò mọ bí a ti ń fi inú rere di ènìyàn mú. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ fún gbogbo ẹni tí yóò bá di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan.

Àgádágodo nìkan kọ́ ni Bramah ṣe. Ní ọdún 1795, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ẹ̀rọ kan tí ń fi omi tẹ nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìṣirò, ẹ gbọ́ bí ó ti rí. A so ọ̀pá oníhò méjì pọ̀ ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì fẹ̀, omi sì kún inú wọn. Bí ẹnu ọ̀pá kìíní bá jẹ́ íǹṣì 1 ní ìbú, tí ti èkejì sì jẹ́ íǹṣì 10, nígbà náà agbára tí a fi tẹ omi nínú ọ̀pá kékeré yóò di ìlọ́po 100 nínú ọ̀pá ńlá. Ọmọdé lè ti ipa bẹ́ẹ̀ gbé ohun tí géńdé mẹ́wàá kò lè gbé, bí kò tilẹ̀ ní gbé e ga lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ara ẹ̀rọ yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńláńlá ti jáde, àti irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé mọ́tò sókè lónìí. Ní ọdún 1806 ẹ̀wẹ̀, ó ṣe ẹ̀rọ tí ń tẹ nọ́ńbà sára owó bébà fún Báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ tí àwọn akọ̀wé ti ń fi kálàmù ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀.

Ìdí iṣẹ́ ni ikú bá a. Ní ọdún 1814, ó lọ sí igbó Holt ní ilẹ̀ Hampshire láti bójú tó bí ẹ̀rọ olómi rẹ̀ ti ń fa igi ńláńlá tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Òtútù mú un níbẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ ní àyà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún náà, ó kú ní Pimlico ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọmọ ọdún 66. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó jogún iṣẹ́ náà, àgádágodo ojú fèrèsé náà sì wà níbi tí ó gbé e sí.

Ìtàn rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1851, a ṣe àfihàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ààfin onídígí tí a kọ́ sí Hyde Park, gbogbo orílẹ̀-èdè sì kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Láti Amẹ́ríkà ni Alfred Charles Hobbs ti wá, oníṣòwò àgádágodo. Ó kọ́kọ́ ṣí àgádágodo ilé iṣẹ́ Chubb, tí gbogbo ìlú gbẹ́kẹ̀ lé, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Lẹ́yìn náà ni ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ Bramah pé òun fẹ́ gbìyànjú ti ojú fèrèsé. Wọ́n yan àwọn onídàájọ́, wọ́n sì fún un ní yàrá kan. Ọjọ́ 16 ni ó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nǹkan bí wákàtí 51 ni gbogbo rẹ̀. Níkẹyìn, àgádágodo náà ṣí. Àwọn onídàájọ́ rí i, ilé iṣẹ́ Bramah sì san 200 gínì náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn wọ́n, tí wọ́n sì sọ pé kò sí olè tí ẹnikẹ́ni yóò fún ní ọjọ́ 16 àti yàrá ìdákẹ́rọ́rọ́.

Ariwo ta ní ìlú. Àwọn kan bínú sí Hobbs. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní gbangba, nítorí pé yóò la ojú àwọn ọ̀daràn. Ìbéèrè ìyá wa gan-an nìyí, àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ń bi í! Nínú ìwé kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1853 láti inú iṣẹ́ Hobbs, a dá wọn lóhùn. Ìwé náà ṣàlàyé pé àwọn olè ti mọ iṣẹ́ wọn tipẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ wọn lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ni onílé. Bí a bá pa ẹnu mọ́, òun nìkan ni a fi sínú òkùnkùn.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míìn. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ará Amẹ́ríkà mìíràn, Linus Yale kékeré, fi ṣí irú àgádágodo tí Hobbs fúnra rẹ̀ ń polówó. Yale sì ṣe tirẹ̀, tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ fún ní ọdún 1861 àti 1865. Láti ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgádágodo tí ó wà lára ilẹ̀kùn wa lónìí ti ṣẹ̀ wá, àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wọn pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka. Ilé iṣẹ́ Bramah pàápàá kò kú nítorí ìtìjú ọdún 1851. Wọ́n tún àgádágodo wọn ṣe, wọ́n sì ń tà á títí di òní. Àgádágodo ojú fèrèsé náà sì wà ní ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí Bramah bá ti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sínú àpótí, ta ni ìbá mọ ibi tí ó kù sí? Bí a kò bá sì mọ ibi tí ó kù sí, ta ni ìbá tún un ṣe?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, iṣẹ́ tiwa náà nìyí. Àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n ń ṣe ìmọ̀ bí oníṣẹ́ àgádágodo àtijọ́, tí wọ́n ń mọ odi kéékèèké yí i ká kí ọmọ má bàa mọ̀ pé kò jinlẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ìdí, wọn a bínú. Olùkọ́ tí ó mọ ohun tí ó ń kọ́ni kì í bẹ̀rù ìbéèrè. A máa gé ojú fèrèsé sára ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ọmọ lè wo inú, bí ọmọ bá sì rí àbùkù níbẹ̀, a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì tún un ṣe.

Nígbà tí a tún ní àǹfààní láti lọ sí ilé, a parí àgádágodo wa. A kàn án mọ́ pákó, a fi ọ̀dà pupa kun ahọ́n rẹ̀, a sì fi ọ̀dà funfun kun àwọn irin pẹlẹbẹ náà. A gbé e lọ síwájú ìyá wa, a sì sọ ìtàn Bramah fún wọn gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ọ́ fún yín yìí. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà, wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tẹjú mọ́ fèrèsé kékeré náà bí ahọ́n pupa ti ń jáde tí ó sì ń wọlé. Wọ́n ka àwọn irin funfun náà, wọ́n rí i pé méjì péré ni. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá irú èyí ni ó wà lára ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ń kó ọjà sí. A dáhùn pé irú rẹ̀ gan-an ni. Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, wọ́n fún wa ní owó láti lọ ra èyí tí ó sàn jù, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé kí a ka iye irin tí ó wà nínú rẹ̀ kí a tó sanwó.